Ọwọ́ Àwẹ̀ró àti Ọmọ Àgùntàn Aláìníyàá

Bí ará Ìdí-Ose bá rí ẹni tó ń fi ipá ṣoore, á ní, "Ọwọ́ ìrọmọ kọ́ là ń fi bọ́ ọmọ àgùntàn." Àlejò á máa ṣe kàyéfì pé ta ló tilẹ̀ ń rọ ọmọ àgùntàn. Ẹnìkan ti rọ ọ́ rí.

Àwẹ̀ró ni. Kò sí ọmọ ọwọ́ tó lè kọ àgbo fún un bó bá ń rọ ọ́: á tẹ́ ẹ sórí itan, á káwọ́ bò ó lẹ́nu, á da àgbo sí i, ọmọ á gbé e mì tipátipá.

Ó ń bá Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, sin abo àgùntàn kan. Àdéhùn wọn ni pé àkọ́bí jẹ́ ti Ìbídùn, èyí tó bá tẹ̀ lé e jẹ́ ti Àwẹ̀ró, ẹran àkọ́kọ́ tí yóò ní láyé rẹ̀. Àgùntàn bí méjì, akọ ṣáájú abo, ìyá wọn sì kú. Bí àwọn ọmọ náà bá tún kú, ta ni yóò fún Àwẹ̀ró ní ẹran sìn mọ́?

Ó fún wàrà lára ewúrẹ́ aládùúgbò, ó gbé akọ lé itan, ó dojú rẹ̀ sókè.

Láńtòrò, orogún rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín. "Ìyáálé mi, ẹ ò kúkú pọ̀n ọ́n."

"Gbogbo ẹnu, ẹnu ni," Àwẹ̀ró dáhùn, ó sì rọ ọ́.

Wàrà gba imú jáde. Ẹran wúkọ́ títí, èémí rẹ̀ kò já geere mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kú.

Ó wá ku èkejì. Àwẹ̀ró kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé àpótí lọ sídìí agbo àgùntàn aládùúgbò, ó jókòó, ó ń wò. Kò sí ọmọ tó dùbúlẹ̀ mu ọmú. Ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀, ọrùn wọn nà, ẹnu wọn wà lókè díẹ̀. Bí wàrà bá ń wọlé, ìrù á máa jù fìrìfìrì. Bí wọ́n bá yó, wọ́n á fi ọmú sílẹ̀ fúnra wọn.

Ó padà délé, ó fi àkísà mímọ́ dí ẹnu ìgò wàrà, ó dúró, ó rọra gbé ìgò síbi orúnkún, níbi tí ọmú ìyá ìbá wà. Ọmọ àgùntàn fimú tì í, ó yà lọ. Láńtòrò ní kó dì í mú kí ebi má pa á. Àwẹ̀ró kò dì í mú. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ìgbà tó yá, ìrù kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í jù.

Nígbà tí Ìbídùn dé, ọmọ àgùntàn ń tẹ̀ lé Àwẹ̀ró kiri àgbàlá. Ìbídùn béèrè àkọ́bí.

"Ọkọ mi, ó ti kú."

"Kí ló pa á?"

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ máa mú èyí lọ dípò rẹ̀."

"Ta ló wá wo èyí yè?"

"Ọwọ́ mi náà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìrọmọ kọ́ ni mo fi bọ́ ọ."

Ìbídùn wo ẹran náà pẹ́. Ó ní òun kò ní mú un lọ. Kó máa dàgbà lọ́dọ̀ ẹni tó ti mọ bó ṣe ń mu ọmú, tó bá bímọ, àwọn á pín ọmọ náà.

Láńtòrò ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojú odò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ láì kọ́kọ́ wo bí onítọ̀hún ṣe ń ṣe tirẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún un nìyẹn: ọwọ́ ìrọmọ kọ́ là ń fi bọ́ ọmọ àgùntàn.