Ẹbọ Àbọ̀ Tí Egbin Rú

Oòrùn-pẹ́-lókè-ju-tàná, Ọ̀nà-tó-ṣí-láàárọ̀-lè-dí-lọ́sàn-án: orúkọ àgbà tí Igún ń jẹ́ nìyẹn nígbà tó bá ń yẹ ọ̀ràn wò. Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò fún Egbin, arẹwà ẹranko, ní ọjọ́ tí àyà rẹ̀ ń já pé ìran òun fẹ́ parẹ́ lórí Òkè Ìtútù.

Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyí. Egbin àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé lórí Òkè Ìtútù. Àwọn egbin mìíràn ń gbé ní ọ̀ọ́kán, lórí Òkè Pupa. Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bá etí odò lọ ló so òkè méjèèjì pọ̀. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ọ̀dọ́ a gba inú igbó náà kọjá, wọn a lọ fẹ́ra lókè kejì. Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀. Bí bàbá ṣe ṣe é ni ọmọ ń ṣe é.

Àmọ́ iná kan wà tí àwọn ọmọ aráyé dá, tí kì í kú. Èéfín rẹ̀ gba ojú sánmọ̀. Oòrùn wá ń mú ju bó ṣe yẹ lọ, àkọ́rọ̀ ń pẹ́, odò ń fà. Koríko ẹsẹ̀ òkè gbẹ. Egbin kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sún sókè. Ó tún gbẹ, wọ́n tún sún sókè, títí ó fi ku ṣóńṣó orí òkè nìkan. Ìgbà náà ni Egbin tọ Igún lọ.

Ó ní, “Bàbá, ṣé àwọn ọmọ mi á là á já?”

Igún ní, “Iná ilé ọmọ aráyé kọjá agbára mi. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ ni kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ má jẹ́ oríṣi kan náà. Ó yẹ kí ọ̀kan lè fara da ooru, kí òmíràn lè fara da ebi, kí òmíràn lè fara da àrùn. Olódùmarè kò dá ìka dọ́gba, ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ rí nǹkan dì mú nìyẹn. Rú ẹyẹlé. Rú iyọ̀. Kí o sì jẹ́ kí Àwẹ̀ró ọmọbìnrin rẹ lọ sílé ọkọ ní Òkè Pupa, kí igbó etí odò tó jóná. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí lẹbọ gan-an.”

Inú Egbin kò dùn. Ẹwà a máa pa ẹni tó ni ín bí ọtí. Àwọn egbin Òkè Pupa kúrú, eruku bò wọ́n lára, etí wọn sì fẹ̀ bí ewé kókò. Egbin rú ẹyẹlé, ó rú iyọ̀, ó fi Àwẹ̀ró pa mọ́. Igún wá síbi ẹbọ náà, ó wò ó, kò fẹnu kàn án. Ẹ sì mọ̀ pé ẹbọ tí igún kò bá jẹ, kò tíì dé ọ̀run.

Nígbà tó pẹ́, òjò díẹ̀ kán sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan la igbó náà kọjá láti Òkè Pupa. Ó fi orúnkún iwájú kúnlẹ̀ fún Egbin.

Ó ní, “Ẹ kúulé, mà. Àwẹ̀ró ni mo wá tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, omi ti ń tán lọ́nà.”

Egbin wo etí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Etí yìí ni kí n fi ṣe àna? Máa lọ síbi tí o ti wá.”

Àwẹ̀ró ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n bá a lọ.”

“Panu mọ́! Ẹni tó dára tó ọ kì í bí ọmọ eléruku.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde, ó yí padà. Òun lẹni ìkẹyìn tó gba ọ̀nà yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni igbó etí odò jóná ráúráú.

Egbin fi Àwẹ̀ró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí tún fẹ́ra wọn. Gbogbo wọn jọra bí ọmọ àgbàdo orí ṣùkù kan. Egbin a máa wò wọ́n, a ní, “Ẹ wo ẹwà!” Inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà yẹn, ìyẹn ló sì ń dunni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò pẹ́, wọ́n ń bí òkú ọmọ. Àwọn tí wọ́n bí láàyè kò lè dìde mu ọmú.

Ikọ́ kan wá bá ooru wọlé. Ó kọlu ọ̀kan, ó pa á. Èyí tó tẹ̀ lé e rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó pa òun náà. Kò sí elétí ńlá kankan láàárín wọn tí ooru lè gba etí jáde lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kan tó mọ bí a ṣe ń bá ikọ́ náà jà. Níbi tí gbogbo yàrá ti ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà, olè tó rí ti ọ̀kan ti rí ti gbogbo ilé.

Egbin sáré tọ Igún. “Bàbá, mo gbà! Àwẹ̀ró á lọ lónìí.”

Igún kò bínú sí i. Ìbá sàn kó bínú. Ó ní, “Egbin, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà?”

Síbẹ̀, Àwẹ̀ró lọ. Ó ti ń darúgbó, ó sì ń wúkọ́. Egbin dúró lórí òkè, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ tí kò ní igi, tí kò ní omi. Ó wò ó títí kò fi rí i mọ́. Ọ̀sán pọ́n. Igún gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na ìyẹ́, ó fò lọ, ó sì ń yí po lójú sánmọ̀, ní agbedeméjì òkè méjèèjì. Egbin mọ̀ pé òkú ọmọ òun ló ń yí ká. Ó ké sí Òkè Pupa. Kò sí ẹni tó dáhùn.

Bí Egbin ṣe gbọ́ ẹbọ nìyẹn, tó rú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó fi èyí tó ń ro ó lára pa mọ́. Rírú ẹbọ ní í gbeni, rírú àbọ̀ rẹ̀ kì í gbe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn nígbà tí ọ̀nà ṣì wà ni ìran rẹ̀ kì í parẹ́.

Títí dòní, bí arẹwà bá ń kọjá, ẹ ó ní ó dára bí egbin. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí i, ta ló ti fojú rí egbin nínú yín?