Ẹtu, Ọ́ílì Mọ́tò àti Àga Òkété

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀ gììrì, ó fò lókè fìrì, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Ẹtu oní-mọ́tò ló balẹ̀ sí, àti Òkété mẹkáníìkì. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá mi gbe orin, ẹ má sùn o.

Nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wa mọ́tò, kò sí ìyá kan tó mọ ọkọ̀ wà bí Ẹtu. Mọ́tò rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣeé tì àfi kí ẹni tó jókòó tì í fi ìdí tì í. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn létí bí ọlọ tó ń lọ ògì. Òun ló fi ń kó ará oko lọ sọ́jà, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá kú, ebi dé nìyẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjà pé, Ẹtu fa géèjì tí wọ́n fi ń wo ọ́ílì yọ, ó nù ún, ó wò ó. Ọ́ílì ti dúdú. Ó ní, "Mi ò gbọ́dọ̀ fi eléyìí gun òkè."

Mẹkáníìkì méjì ló wà nílùú. Alákàn wà létí odò, Òkété wà ní oríta. Ẹtu kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Alákàn. Baba náà ò sọ ju "Káàbọ̀" lọ. Kò sí àga, kò sí ibòji. Ó nawọ́ sábẹ́ mọ́tò.

"Bẹ̀rẹ̀, kí o máa wò mí."

"Èmi kẹ̀, bàbá? Nínú ẹrọ̀fọ̀ yìí?"

"Mọ́tò ta ni?"

"Tèmi ni."

"Ojú lèmi fi ń ṣọ́rí. Ìwọ náà, fi ojú rẹ ṣọ́ mọ́tò rẹ. Bí o kò bá bẹ̀rẹ̀, mi ò tú nǹkan kan."

Ó dun Ẹtu. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyí? Nílé tiwọn, àga ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò, àlejò kì í sì í tẹjú mọ́ onílé lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó kùn sínú pé, "Alákàn yìí ò gbẹ̀kọ́." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, fììì, ó di oríta.

Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, Òkété ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má dúró sóòrùn. Irú yín kọ́ ló yẹ kó máa dúró." Ó gbé àga sábẹ́ igi, ó gbé ẹ̀pà wá, ó bu omi tútù inú àmù. Orí Ẹtu wú, ó ní kó bá òun pààrọ̀ ọ́ílì. Òkété wọ abẹ́ mọ́tò wéré, ó dá orin sílẹ̀. Ẹ gbè é:

Àǹtí mi, ẹ bọ́ síbòji,
*Ẹ jókòó jẹ́jẹ́.*
Ẹ̀pà ń bẹ, omi ń bẹ,
*Ẹ jókòó jẹ́jẹ́.*
Àlejò kì í ṣọ́ onílé,
*Ẹ jókòó jẹ́jẹ́.*
Ẹ má yọjú wo abẹ́ ọkọ̀,
*Ẹ jókòó jẹ́jẹ́.*

Ẹtu gbọ́ gbulu-gbulu. Ó fẹ́ dìde lọ wò ó, ìtìjú mú un. Ẹni tó fún òun lẹ́pà, kí òun wá lọ dúró tì í bí ọlọ́pàá? Ó jókòó. Kò pẹ́, Òkété jáde, ó gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ílì tuntun tó ti ṣófo dání. "Ó parí, àǹtí mi. Ẹ máa fò lọ."

Lọ́jọ́ ọjà, mọ́tò kún. Ọ̀bọ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lé itan, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ gbé apẹ̀rẹ̀ lé tiẹ̀. Wọ́n dé ìdajì òkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀: kó-kó-kó, kó-kó-kó. Èéfín yọ túú. Mọ́tò dákẹ́.

Ọ̀bọ ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ̀wà lẹ ń sè níwájú níbẹ̀ ni? Ẹ bá wa fi iyọ̀ sí i."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹtu ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ló ń rò.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ bi í pé, "Ọmọ mi, níbo lo ti pààrọ̀ ọ́ílì?"

"Lọ́dọ̀ Òkété ni, mà."

"Ṣé ojú rẹ tó o nígbà tó ń da tuntun sí i?"

"Mo jókòó ni, mà. Ó fún mi lẹ́pà."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ mi orí. "Èmi náà jẹ ẹ̀pà yẹn rí. Mo ní mọ́tò nígbà náà."

Wọ́n jẹ́ kí mọ́tò yí padà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n tì í dé etí odò. Alákàn ò fi Ẹtu ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Bẹ̀rẹ̀." Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹtu kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Alákàn tú nọ́ọ̀tù abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó dà sílẹ̀ dúdú kirikiri.

"Fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ń ta á lọ́wọ́ bí iyanrìn.

"Ọ́ílì tí o gbé lọ bá Òkété náà nìyí. Ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó dà á padà sí i."

Ẹtu bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ́ńjìnnì mi ti kú?"

"Kò tíì kú. Ó ń ké ni. Ká ní o wà á dórí òkè ni, à bá máa sin ín."

Alákàn fọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹtu fúnra rẹ̀ ló já ìdérí gálọ́ọ̀nù ọ́ílì tuntun, òun ló da ọ́ílì sí i, òun ló nu géèjì. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹtu sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ láìsí ẹni tó fún un lágà.

Nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ wọ mọ́tò, oríta là ń lọ. Mọ́tò ẹlòmíì tí Òkété lè bà jẹ́ ṣì wà nílùú yìí."

Òkété rí wọn, ó sáré gbé àga, ó dá orin rẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn ti yí padà. Ẹ gbè é:

Àǹtí mi, ẹ bọ́ síbòji,
*A ó dúró wò ó.*
Ẹ̀pà ń bẹ, omi ń bẹ,
*A ó dúró wò ó.*
Àlejò kì í ṣọ́ onílé,
*A ó dúró wò ó.*

Òógùn bo Òkété. "Ẹ jẹ́ n mú sípánà wá lẹ́yìn ilé." Wọ́n dúró, dúró. Nígbà tí Ọ̀bọ lọ wò ó, kò bá sípánà, kò bá Òkété. Ihò tuntun ló bá nílẹ̀, àti aṣọ dúdú kan tó ń kán tó, tó, tó sínú gálọ́ọ̀nù.

Títí dòní, inú ihò ni Òkété ń gbé. Bí ojú bá ń wò ó, kì í jáde.

Ibí ni mo wa àlọ́ mi dé, ibí ni mo gbé e kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ẹnu mi má ró. Bí n kò bá fi irọ́ lú u, kó ró: pó, pó, pó.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé, ẹni tó ní kí o wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun kò rí ọ fín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o gbé nǹkan rẹ lọ, kódà bí kò bá ní àga.