Ọ̀rá Ara Ẹ̀rọ Tuntun

Ọkùnrin kan wà tí kì í bó ọ̀rá kúrò lára ohun tuntun. Tíṣà ni. Bí ó bá ra àga, bí wọ́n ṣe fi ọ̀rá bò ó ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò ṣe wà ní pálọ̀ rẹ̀, títí ọ̀rá náà yóò fi pọ́n bí eyín arúgbó. Ọ̀rá wà lára fóòmù tí ó ń sùn lé. Ọ̀rá wà lára rìmóòtù. Ọ̀rá wà lójú aago ara ògiri. Àlejò tí ó bá jókòó ní ilé rẹ̀ ní láti di apá àga mú kí ó má baà yọ̀ ṣubú.

Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà a máa sọ pé ẹni tí kò mọ ohun tuntun tọ́jú, kò mọ oore. Tíṣà gba ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni gba ẹ̀sìn. Lójú rẹ̀, àbàwọ́n kan ṣoṣo lára ohun tí Ọlọ́run fi ta èèyàn lọ́rẹ, àìmoore ni.

Ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà lórí rẹ̀ títí, ó sú u. Ẹ̀fẹ̀ ló kù tí ó ń fi í ṣe.

"Bàbá Jọláadé, nínú ilé yìí, èmi nìkan ni ẹ kò tíì fi ọ̀rá wé."

Ọkọ rẹ̀ a ní, "Ìwọ? Ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tí mo gbé ọ dé ni ó yẹ kí n ti wé ọ."

Wọn a rẹ́rìn-ín, ọ̀rá a sì máa pariwo lábẹ́ wọn.

Nígbà tí ó yá, ilé-ẹ̀kọ́ tí tíṣà ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Ó gbin ewébẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń kọ́ ọmọ aládùúgbò, ó ń gbàdúrà. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bọ́ ilé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, Ọlọ́run ṣí ọ̀nà kan. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè òkun ní èdè bàbá wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá tíṣà lẹ́nu wò lórí fóònù, inú wọn sì dùn sí i. Wọ́n ní ọ̀sán Sátidé ni kíláàsì àkọ́kọ́. Wọ́n ní fóònù kò lè ṣe é, kọ̀ǹpútà ni kí ó wá. Wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé olùkọ́ tí kò bá yọjú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn yóò fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀, nítorí àwọn tí ń dúró lẹ́yìn pọ̀.

Tíṣà kò ní kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbọ́, wọ́n fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fún un. Wọ́n gbé e wá sí ilé rẹ̀ nínú páálí. Alàgbà tí ó ṣáájú wọn ní, "Tíṣà, máa lò ó. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ká dúpẹ́ lórí rẹ̀." Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó búra pé ní ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe gbé e fún òun gan-an ni wọn yóò ṣe bá a.

Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí ó ṣí páálí, tí ó rí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mú abẹ. Ó la ọ̀rá ní etí kí ẹ̀rọ lè ṣí, ó gé fèrèsé kan síbi ojú ẹ̀rọ, ó gé òmíràn síbi àwọn bọ́tìnnì, ó lu ihò kékeré fún wáyà iná, ó sì fi sẹlotéèpù tẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rá wọn. Télọ̀ kò lè ṣe é mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tan án. Ẹ̀rọ bi í pé èdè wo ni ó fẹ́, ó dáhùn. Ó bi í ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó dáhùn. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ní kí ó ní sùúrù, òun ń palẹ̀ mọ́, kí ó má ṣe pa òun. Àmì róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó ru ẹrù gun òkè. Lójijì, ó kú. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Tíṣà tún un tàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó tún ti mú un: èdè wo, orílẹ̀-èdè wo, kí ni orúkọ rẹ? Ó tún dé ibi tí àmì róbótó ti ń yí. Ó tún kú.

Báyìí ni ìjàkadì bẹ̀rẹ̀, tíṣà kì í sì í ṣe ẹni tí ń tètè juwọ́ sílẹ̀. Ó ní bóyá iná ilé òun ni kò lágbára tó. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó kú níbẹ̀ náà. Ó ní bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ń dà á láàmú. Ó yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ máa dá palẹ̀ mọ́. Ó kú. Ó pe ẹni tí ó tà á. Ẹni náà ní kí ó yọ wáyà, kí ó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ kí ó pẹ́, kí ó wá tún un tàn. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ jí, ó béèrè èdè, ó tún sùn lọ. Ẹni tí ó tà á wá ní kí ó kúkú gbé e wá, àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí Èkó fún àyẹ̀wò.

"Ṣé yóò dé kó tó di Sátidé?" ni tíṣà bi í.

Ẹni náà rẹ́rìn-ín. "Sátidé wo, bàbá?"

Aládùúgbò tí ó ni jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Èyí kì í ṣe ojú lásán. Àwọn tí kò fẹ́ kí ẹ jẹun ni wọ́n wà nídìí rẹ̀."

"Bí wọ́n bá wà nídìí rẹ̀," ni tíṣà wí, "èmi náà wà nídìí rẹ̀. Ká wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde."

Ó gbàdúrà. Dájúdájú, ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kò fi àdúrà ṣe ọ̀nà àtidìde nídìí ẹ̀rọ. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí Ó la òun lójú, lẹ́yìn náà ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Fúráìdè dé. Tíṣà jókòó ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀. Kò kánjú tẹ nǹkan kan mọ́. Ó ń wò ó bí a ti ń wo ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ ibi tí ń dùn ún. Ó wá ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ yìí kì í kú nígbà tí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ gidi bá bẹ̀rẹ̀ ni ó ń kú. Bí ó bá sì ti sinmi pẹ́, ó máa ń lọ jìnnà díẹ̀. Bí a bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kíá ni yóò tún kú. Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbóná bí orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó gbé fáànù kọjú sí i. Atẹ́gùn ń fẹ́ lára ọ̀rá, ọ̀rá ń dún, ẹ̀rọ sì tún kú.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ kí ó wá wò ó. Obìnrin náà ti jókòó sórí àga pálọ̀ láti àárọ̀, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ oníbàárà kan, oòrùn sì mú gan-an. Bí ó ṣe dìde, ọ̀rá àga bá a dìde. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ó tó já kúrò pẹ̀lú ariwo. Òógùn ti mú kí bùbá rẹ̀ rin gbingbin.

"Fáànù kí ni ẹ ń fẹ́ sí i?" ni ó wí, ó ń gbọn ẹ̀yìn bùbá. "Èmi tí mo jókòó lórí ọ̀rá yìí ńkọ́? Fáànù ń fẹ́ mi lójú, ẹ̀yìn mi ń sè. Ara tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mí, Bàbá Jọláadé. Ó gbọ́dọ̀ mí!"

Tíṣà yíjú sí i. Ó wo ẹ̀yìn aya rẹ̀ tí òógùn bò. Ó wo ẹ̀rọ. Ó tan án, ó gbé e sókè, ó sì fi ojú sún mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀rá, ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí a tò sára rẹ̀ bí ti asẹ́. Bí iṣẹ́ ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá náà ń wọnú lójú àwọn ihò yẹn, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ń mu ọsàn. Ẹ̀rọ ń fa èémí, ọ̀rá ń dí i nímú. Kò sí ohun tí ó ṣe é rárá. Ó ń sapá láti ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a, ṣùgbọ́n ooru iṣẹ́ náà kò rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí kò bá lè fara dà á mọ́, yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná.

"Mo ti fún un lọ́rùn," ni tíṣà wí. "Láti ọjọ́ tó ti dé, ṣe ni mo fún un lọ́rùn."

Ó mú abẹ. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi sì ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà ta á lọ́rẹ yóò fẹ́ fi ojú kàn án.

"Ẹ fà á ya," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Bí abẹ bá họ ọ́ lára ńkọ́?"

"Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ gbé òkú tó mọ́ tónítóní lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó ki abẹ bọ̀ ọ́, ó sì fà á. Ọ̀rá ya láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Abẹ yọ̀, ó fi ìlà funfun kan sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, gígùn rẹ̀ tó ìka. Tíṣà kígbe bí ẹni pé ara òun ni a fi gé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti tú èémí kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, èémí gbígbóná. Kò pẹ́, èémí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń jáde jẹ́jẹ́. Àmì róbótó ń yí. Tọkọtaya ń wò ó. Ó yí, ó yí, ó kọjá ibi tí ó ti máa ń kú. Ojú ẹ̀rọ wá mọ́lẹ̀ yòò, ó sì fi orúkọ kí tíṣà káàbọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, ojú àwọn ọmọ kéékèèké yọ lójú ẹ̀rọ láti ìlú olótùútù. "Ẹ káàsán, sà," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ahọ́n tí kò tíì mọ ọ̀nà dáadáa. Tíṣà jókòó lórí àga tí ìyàwó rẹ̀ ti bó láti òwúrọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà funfun náà. Alàgbà mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ìlà yẹn.

"Kí ló họ ọ́?"

Ojú ti tíṣà, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Alàgbà gbọ́ ọ dé òpin.

"Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Nígbà náà, kí ni ò ń fi ọwọ́ bò? Ṣé o rò pé torí kó lè máa dán la ṣe rà á?"

Arákùnrin mi, ìwọ tí o wá bá èmi pásítọ̀ rẹ pé kí n fi ẹlòmíràn ṣe olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ dípò rẹ, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. O bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Olúwa, o dá a dúró. O tún bẹ̀rẹ̀, o tún dá a dúró. O ní bóyá Ọlọ́run kò pè ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ọ̀tá ni. Èmi kò gba èyíkéyìí gbọ́ nínú méjèèjì. Mo ti ń wò ọ́. Bí a bá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀, o ń dáhùn dáadáa: o mọ ẹsẹ, o mọ orin, o mọ ìgbà tí a ń ṣe Àmín. Ìgbà tí iṣẹ́ gidi bá bẹ̀rẹ̀ ni o ń kú.

Láti ọjọ́ tí o ti di ẹni tuntun ni o kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àbàwọ́n lára rẹ. Inú ń bí ọ, o ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ ń ṣiyèméjì, o sì ń kọrin ju gbogbo wa lọ. Ọmọ rẹ wà lórí àìsàn, a bi ọ́ léèrè, o ní "A dúpẹ́." O ń dán, arákùnrin mi. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kàn ọ́ nígbà tí a ń gbàdúrà, o gbóná.

Ooru kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní láti gbóná. Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde ni ó ń pani. Ẹni tí ó dá ọ mọ ibi tí Òun fi ihò èémí rẹ sí: ó fún ọ ní eékún láti fi kúnlẹ̀, ó fún ọ ní aya, ó fún ọ ní ará. Ìwọ ni o fi sẹlotéèpù lẹ̀ wọ́n pa. Fà á ya. Yóò họ ọ́ díẹ̀. Àwọn kan yóò rí ìlà náà, wọn yóò sì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ. Ní ọjọ́ tí Olúwa bá béèrè ẹ̀bùn rẹ̀, kì í ṣe dídán ni yóò béèrè.

N kò ní fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ń dúró dè ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ìwọ náà ni wọn yóò rí. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, mo tún bi ọ́: báwo ni ọmọ náà? Má sọ fún mi pé a dúpẹ́. Jókòó, kí o sì dá mi lóhùn.