Ààlè Tí Ìjàpá So Mọ́ Igi Àgbálùmọ̀

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, mi ò gbọ́ yín. Ṣé àgbàdo ló wà lẹ́nu yín ni? Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti òòyà ìyàwó rẹ̀. Ẹ má bi mí pé irun wo ni ahun ń yà. Àlọ́ ni mò ń pa.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú nílùú àwọn ẹranko. Igi àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo létí odò ló ṣì ń so, gbogbo ìlú ló sì ni ín. Ìyẹn ò tẹ́ Ìjàpá lọ́rùn. Ó jí òòyà Yánníbo, ó fi àkísà pupa dì í mọ́ ṣùkù àgbàdo, ó so ó mọ́ igi. Ẹ kúkú mọ ààlè: ohun tí wọ́n bá fi í lé, olè kì í fọwọ́ kàn án. Ìjàpá wá ń kéde kiri pé ẹni tó bá jẹ èso náà, ikùn rẹ̀ á wú, á sì kú.

Ẹtu ò tíì gbọ́. Ó ṣa ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, òòyà ló rí. Kíá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó délé, ó dùbúlẹ̀, kò jẹ, kò mu, ó ń pín àwọn ọmọ rẹ̀ fún ẹbí. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Ìjàpá nìkan ló ń jẹun, ó ní òun ń ṣọ́ igi ni.

Ìgbín wá kí aláìsàn, ó mú àgbálùmọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n bi í níbi tó ti rí i. Ó ní etí odò ni, ojoojúmọ́ lòun ń jẹ ẹ́.

Ẹtu ní, “O ò rí ààlè ni?”

Ìgbín ní, “Ààlè wo? Ojú mi yìí ò ríran; ewé tí mò ń jẹ gan-an, ìwo ni mo fi ń wá a.”

Ẹtu wo ikùn Ìgbín títí. Kò wú. Ó fi ẹ̀rù jẹ àgbálùmọ̀ náà, ó dúró de ikú, ebi ló dé. Ó dìde. Inú bí i gan-an, nítorí ó ti pín àwọn ọmọ tán. Ó ní ààlè tó ń gba ojú wọlé, òun á mú un gba etí.

Ó bá Ìjàpá nídìí igi, oje lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi náà ti ri ààlè tèmi mọ́ gbòǹgbò láàárọ̀. Ìkarahun ẹni tó bá jẹ èso náà ló máa kọ́kọ́ là.”

Ìjàpá ò lè jẹun mọ́. Ó rọra bèèrè bóyá ààlè náà ń mú ẹni tó ti jẹ kó tó gbọ́.

Ẹtu ní, “Irú wọn ló ń mú jù.”

Ìjàpá mọ̀ pé irọ́ ni tòun, àmọ́ kò mọ ti Ẹtu. Ikùn rẹ̀ kùn. Ó ń gbọ́ tí ìkarahun ń ké. Ó ṣubú, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ó ń jẹ́wọ́ fún gbogbo ìlú pé òòyà Yánníbo lásán lòun fi ṣe ààlè, kí wọ́n ṣáà gba òun.

Wọ́n walẹ̀ wá ààlè Ẹtu títí, wọn ò bá nǹkan kan. Ẹtu ní òun ò ri nǹkan kan. Lójú ẹsẹ̀, inú Ìjàpá ò run ún mọ́. Ó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yí i padà. Gbogbo ìlú ń jẹ àgbálùmọ̀. Yánníbo tú òòyà rẹ̀, ó mú un lọ sílé.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ká wo ìdí ohun tó ń bà wá lẹ́rù ká tó dùbúlẹ̀ fún un. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Bí mo bá purọ́, kí inú run mí.

Ta ló ń di ikùn mú lọ́hùn-ún? Mi ò tíì so nǹkan kan o.