Iná Tí Ìbíwùmí Fi Fóònù Dá

Ìbíwùmí, ọmọ Ọ̀gá Àlàdé ti ìlú Òkè-Àgbọn, kì í lè jókòó sójú kan. Bí ó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì lábẹ́ tábìlì. Bí ó bá ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ kan á wà lára fóònù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni baba rẹ̀. Ogún ọdún ló fi kó ìwé jọ kó tó dá ilé ìkàwé kan ṣoṣo tí ìlú náà ní sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé òwe tí mo ń bọ̀ wá kàn yìí dàgbà ju fóònù lọ, kó fọwọ́ wọ́nú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ní Òkè-Àgbọn ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọdún náà ni Ìbíwùmí fẹ́ wọ yunifásítì, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọn yóò ti fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé pa. Láàárọ̀, ó mú ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́sàn-án, ó pa á rẹ́, ó mú ìmọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ akọ̀ròyìn ló tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn yìí gan-an ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, àmọ́ baba kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Gẹ̀ẹ́sì ni kí o kà," ni baba wí. "Òfófó tó de táì ni iṣẹ́ ìròyìn."

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí gúrúùpù ìròyìn mi lórí Wasáàpù ni? Gbogbo ìlú ló ń kà á."

"Mo rí i. Àmì ohùn kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀."

"Ta ló ráyè àmì, Bàbá? Kí n tó fi sí i, ẹlòmíì á ti gbé ìròyìn náà jáde."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Gbé ìròyìn kan ṣoṣo tó pé jáde kó tó di ọjọ́ Ẹtì, màá fọwọ́ sí i. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì."

Láti ìgbà náà ni ara Ìbíwùmí kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ń wá ìròyìn kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé ṣe ń wá kọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, baba lọ sí ìpàdé ní ìlú kejì. Bó ṣe lọ tán ni fóònù Ìbíwùmí dún. Àǹtí Ṣẹ̀gilọlá, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, ló kọ̀wé sí i: "Ile ikawe n jo o, e tete wa."

Àyà rẹ̀ já. Ìwé baba òun! Àmọ́ kí n má parọ́, inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀, nítorí ìròyìn ti dé. Ilé ìkàwé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n kò dìde. Fóònù ló tẹ̀: "INA N JO ILE IKAWE OGA ALADE! E GBE OMI WA!"

Ìlú gbéra. Àwọn bíríkìlà gbé dúrọ́ọ̀mù, àwọn aránṣọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọn kò rí èéfín kankan, àmọ́ wọ́n ti kà á. Wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n ń da omi wọlé. Àǹtí Ṣẹ̀gilọlá ń ké nínú ilé pé, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Wọ́n rò pé iná ti mú un ni, wọ́n bá da omi lé òun náà lórí.

Nígbà tí Ìbíwùmí fi máa dé, obìnrin náà ti rin gbingbin, abọ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òrùlé ló ń jò, Ìbíwùmí! Òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Mo ní kí ẹ wá bá mi sún ìwé ni!"

Ìwé mẹ́rin péré ni òjò pa. Ìyókù, ará ìlú ló pa á.

Baba dé nírọ̀lẹ́. Ó gbé ìwé kan, omi ń kán nídìí rẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ìtìjú fẹ́ pa Ìbíwùmí.

"Ṣé o lọ wò ó kí o tó kọ ọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ má bínú. Màá ka Gẹ̀ẹ́sì."

Baba mirí. "Bí o bá ka Gẹ̀ẹ́sì, ta ni yóò kọ́ ọ pé kí o kọ́kọ́ dìde? Mú iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Gbé bírò wá kí n fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìbíwùmí fi sá ìwé sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi í pé iná dà, òun náà sì ń dáhùn láìgbójú sókè. Ìdáhùn rẹ̀ yìí ni àwọn àgbà Òkè-Àgbọn gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sọ dòwe fún gbogbo ẹni tó bá sáré mú ọ̀rọ̀ wọlé, pé ìròyìn kò tó àfojúbà.