Ohun Tí Ọdẹ́bùnmi Sọ ní Ẹnu Ibodè

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ yí mi ká. Kí ẹni tí ó ń jẹun gbé òkèlè mì, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún fi ọmú sí i lẹ́nu, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ní ààbọ̀. Ìtàn obìnrin ọdẹ kan ni, tí ó la igbó àwọn iwin já láti wá ìmọ̀ lọ sí ilẹ̀ àjòjì, tí ó rí ohun tí ó ń wá, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sílẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ìlú Ìdí-Arère. Ọdẹ́yalé baba rẹ̀ jẹ́ ọdẹ tí ẹfọ̀n ń gbúròó rẹ̀ tí ó ń yà lọ́nà. Baba náà kò bí ọkùnrin, nítorí náà ó kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní iṣẹ́ ọdẹ: ó kọ́ ọ bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹranko lórí ewé gbígbẹ, ó kọ́ ọ bí a ti ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fẹ́ràn igbó. Ilé ni ó wà tí ó ń tọ́jú ìyá wọn títí ìyá náà fi kú. Nígbà tí baba náà tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì ni ó kù, bí ojú méjì tí ń bẹ nínú orí kan.

Ní ọdún kan, àrùn onígbáméjì wọ Ìdí-Arère. Ó wọ ibẹ̀ bí iná ti í wọ oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó jẹun àárọ̀ kò jẹ tọ̀sán. Ẹni tí ó sin ará ilé rẹ̀ lónìí, àwọn aládùúgbò ni ó ń sin òun náà lọ́la. Ìbídùn kò sá. Ó ń lọ láti agbolé dé agbolé, ó ń se omi, ó ń po iyọ̀ àti oyin mọ́ ọn, ó ń fi ṣíbí kán an sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, ó ń nu ohun tí ẹlòmíràn kò lè wò. Ọ̀pọ̀ kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yè láti ọwọ́ rẹ̀, tí gbogbo ìlú fi sọ ọ́ ní Ìyá Àwọn-Tó-Kù. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́bùnmi, tí kò sá fún ẹkùn rí, gbé apó àti ìbọn rẹ̀, ó sá lọ sí ahéré baba rẹ̀, kò sì padà títí àrùn fi kúrò nílẹ̀. Ìbídùn kò bá a wí. Bí ó ti dé, omi ìwẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fún un. Ìyẹn gan-an ni ó dùn ún jù. Ẹni tí a nà yóò sunkún, ojú rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ẹni tí a kò nà ni yóò máa na ara rẹ̀.

Nítorí èyí ni ó ṣe pinnu pé òun yóò lọ kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn. Ilé-Ẹ̀kọ́ Ńlá kan wà ní òdì kejì Igbó Abéèrè, tí àwọn iwin dá sílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tiwọn níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àjòjì tí ó bá lè dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í.

"Bùnmi," ni Ìbídùn wí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ, "ṣé wọn kì í jẹ ènìyàn níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè ni wọ́n fi ń jẹ ènìyàn."

"Tí ó bá jẹ́ ìyẹn, àánú wọn ni ó ń ṣe mí. Ìwọ tí o ti ń jiyàn láti inú ìyá wá! Lọ, kọ́ ọ, kí o padà wá kọ́ èmi náà. Ibi tí omi iyọ̀ mi kò ká, bóyá tìrẹ yóò ká a."

Ó fi ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un, Ọdẹ́bùnmi sì wọ igbó.

Igbó Abéèrè kò jọ igbó tí ó ti ń ṣọdẹ. Àwọn igi ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ìrókò a bi í pé kí ni ó ń wá, àràbà a bi í pé ta ni ó rán an, àfòmọ́ tí kò ní gbòǹgbò tirẹ̀ a tún máa bi í pé níbo ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ó ń dá wọn lóhùn bí ó ti ń lọ, títí ó fi dé ibi tí iwin kan jókòó sí lórí ọ̀gán. Ahọ́ngbọọrọ ni wọ́n ń pè é. Ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ká a mọ́ apá bí ẹni ká okùn.

"Ọmọ ènìyàn, ṣé o gbọ́ èdè wa?"

"Bàbá, èdè yín náà ni mo fi ń dá yín lóhùn yìí."

"Etí mi gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì dán ọ wò, nítorí náà o kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ̀yin lẹ wá sí ìlú wa láyé àwọn baba ńlá wa, tí ẹ fi ẹgba kọ́ wọn ní èdè yìí. Òun la fi ń ná ọjà. Òun la fi ń ṣépè."

"Òótọ́ ni, àwa la kọ́ yín," ni Ahọ́ngbọọrọ wí. "Ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ pé ẹ kò lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó yá, dáhùn: kí ni ó ń ṣáájú àlejò wọ ilé onílé?"

"Ohùn rẹ̀ ni. Onílé ti ń gbọ́ 'ẹ kú ilé o' kí ó tó rí ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀."

Iwin náà mi orí. Ó fi ẹfun fa ilà kan sí i níwájú orí. "Àmì yìí, òjò ọdún méjì ni yóò fọ̀ ọ́ nù. Bí kò bá sí mọ́, odi ni ọ́ lójú wa, bí o tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà."

Báyìí ni ó dé ẹnu ibodè. Òkúta ni ibodè náà, ó ga dé ìkùukùu, ẹni tí ó sì ń ṣọ́ ọ ni Tani-Ìwọ, iwin olójú púpọ̀. Ojú wà ní iwájú orí rẹ̀, ojú wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú wà ní orúnkún rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń ṣẹ́jú. Àwọn àjòjì láti oríṣiríṣi ìlú jókòó kiri níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí olú fi hù sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ta ni ìwọ?" ni iwin náà bi í. "Kí ni o ti ṣe tí a ó fi ṣílẹ̀kùn fún ọ?"

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó sì dáhùn bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń dáhùn nílé. Ó ki oríkì ìdílé baba rẹ̀. Ó sọ ti baba ńlá rẹ̀ tí ó fi ọfọ̀ pa erin, ó sọ ti ìyá ńlá rẹ̀ tí ó tẹ ọjà dó, ó sọ ti Ọdẹ́yalé afẹfọ̀n-ṣeré. Nígbà tí ó fi máa parí, ìdajì ojú iwin náà ti sùn.

"Mo bi ọ́ léèrè ìwọ," ni Tani-Ìwọ wí, "o rán àwọn òkú sí mi."

"Ẹ dákun, bàbá, nílùú wa, ènìyàn kì í yin ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni í yin ni."

"Ẹlòmíràn náà dà? N kò rí i. Lọ jókòó."

Ó lọ jókòó, ìtìjú bò ó. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lábíyìí, tí ó ti ń dúró níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin, o kí wọn bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó! 'Èmi' ni wọ́n fẹ́ gbọ́ níbí. Èmi, èmi, èmi, bí àkùkọ tó ń kọ. Wọ́n sì fẹ́ràn ìyà. Ṣé àjálù kankan kò ṣẹlẹ̀ ní ìlú yín ni?"

"Ó ṣẹlẹ̀. Àrùn onígbáméjì jà."

"Háà! Orí rẹ mà dára o! Àrùn wà lọ́wọ́ rẹ, ò ń sọ̀rọ̀ erin! Ìwọ kọ́ lo tọ́jú àwọn aláìsàn ni?"

 Ọ̀rọ̀ náà wọ inú Ọdẹ́bùnmi bí ẹ̀gún ti í wọ ẹsẹ̀, bí ó ti ń gbìyànjú láti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń wọlé. Ó ronú pé Ìbídùn kò sí níbí, pé Ìbídùn kò ní gbọ́, pé tòun ti Ìbídùn kò yàtọ̀. Ó dìde, ó sì padà síwájú iwin náà.

"Èmi ni Ọdẹ́bùnmi. Nígbà tí àrùn wọ ìlú wa, èmi kò sá. Èmi ni mo se omi, tí mo po iyọ̀ àti oyin mọ́ ọn. Èmi ni mo fi ṣíbí kán an sí àwọn ọmọ lẹ́nu. Ìyá Àwọn-Tó-Kù ni wọ́n ń pè mí."

Bí ó ti sọ ọ́ tán, ohun kan ti ọ̀nà ilé wá, ó bà lé e léjìká, ó wúwo, ó tutù bí aṣọ tí a kò tíì fún. Gbogbo ojú Tani-Ìwọ là. "Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbí di ti ẹni tí ó sọ ọ́," ni ó wí, ibodè sì ṣí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ilé-Ẹ̀kọ́ náà dára. Odò gba àárín rẹ̀ kọjá, ewé tí ó ń wo àìsàn hù létí odò náà, ewé kọ̀ọ̀kan sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó wúlò fún. Wọ́n fún Ọdẹ́bùnmi ní aṣọ funfun àti ẹní. Wọ́n wá gbé igbá omi kan síwájú rẹ̀, nítorí àjòjì tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹ̀tọ́ láti wo ilé lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ó wo inú omi. Ó rí Ìbídùn tí ó ru igi ìdáná kọjá láàárín ìlú. Àwọn obìnrin kẹ́yìn sí i. Ọmọ tí Ìbídùn fi ṣíbí gbà lọ́wọ́ ikú sọ òkò sí i, ìyá ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. "Asáfúnkú!" ni wọ́n ń pè é. "Àbúrò rẹ̀ dúró, òun sá! Ẹ̀gbọ́n bí eku!"  Ìbídùn tẹ orí ba, ó ń yára rìn.

Ọdẹ́bùnmi pariwo, ó sáré padà sí ibodè.

"Bàbá, mo parọ́! Ẹ gbà á padà, ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ohun rẹ̀!"

"Kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi," ni Tani-Ìwọ wí. "Ṣé ẹnu ibodè ni ó ti tọ́jú àwọn aláìsàn? Ibi tí a ti ṣe nǹkan ni a ti ń dá a padà."

"Bí mo bá lọ, ṣé ẹ ó fi àyè mi sílẹ̀ dè mí?"

"Ẹní kì í dúró de ẹni tí kò sí lórí rẹ̀."

Ó wo ẹ̀yìn, ó gbọ́ bí àwọn ewé ti ń sọ̀rọ̀ létí odò, omi sì dà lójú rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ funfun náà. Kí ó tó ká a tán, Lábíyìí ti nawọ́ sí i.

Nígbà tí ó dé Ìdí-Arère, ìlú yọ jáde pàdé rẹ̀. "Ìyá Àwọn-Tó-Kù dé o!" Ó ní, "Èmi kọ́! Ìbídùn ni!" Wọ́n wo ara wọn, inú wọn dùn. Baálẹ̀ mi orí, ó ní, "Ẹ wo ọmọ tí a kọ́ tí ó gbà. Ó ṣe rere, kò fẹ́ ìyìn. Ó tún fẹ́ fi ìyìn náà bo àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ọdẹ́bùnmi lọ láti ojúlé dé ojúlé, bí ó ti ń ṣẹ́ ẹ ni wọ́n ń yìn ín. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a rí: ẹni tí ó bá kọ ìyìn, a ó fi òmíràn kún un fún un.

Ó bá Ìbídùn lẹ́yìnkùlé, tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Ìbídùn dìde, ó nu àpótí ìjókòó fún àbúrò rẹ̀.

"Bùnmi, jókòó. Má bínú sí mi. N kò mọ ohun tí ó ṣe mí tí mo fi sá tí mo fi ìwọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Mo ń gbìyànjú láti rántí ibi tí mo sá sí, n kò rántí. Ó ní láti jẹ́ pé ìtìjú ni ó pa á rẹ́."

 Ìgbà náà ni Ọdẹ́bùnmi mọ̀ pé yíyin Ìbídùn kò lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí òun fúnra òun ṣe ni òun ní láti sọ. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí iwájú ilé baálẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn pé jọ sí.

"Ẹ̀yin ará Ìdí-Arère, n kò wá yin ẹnikẹ́ni. Ara mi ni mo wá sọ. Lọ́jọ́ tí mo ń sá lọ, akèrègbè omi kún léjìká mi. Lábẹ́ igi ayùnrẹ́ tó wà ní ìkóríta oko, mo bá Ẹfúnṣeyè, ìyàwó Àlàmú, lórí ilẹ̀. Ó ní, 'Bùnmi, omi.' Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gba inú koríko kọjá kí aṣọ mi má baà kàn án. Nígbà tí mo dé ahéré, mo sun iṣu, mo fi epo jẹ ẹ́, mo sì yó. Nígbà tí mo gbọ́ ẹkún láti ìlú, mo fi ọwọ́ di etí mi."

 Ọ̀tá ẹni pàápàá, a kì í fi omi dù ú ní ìlú náà. Kò sì sí ẹni tí ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tí yóò purọ́ irú èyí mọ́ ara rẹ̀. Àlàmú dìde.

"Ó sọ fún mi kí ó tó kú," ni ó wí. "Ó ní ẹnìkan gbé akèrègbè kọjá lára òun. Mo ní ta ni. Ó ní kí n má béèrè."

Nígbà náà ni ọmọ kékeré kan sọ̀kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó rìn lọ bá Ìbídùn, ó di ìró rẹ̀ mú. Ìyá ọmọ náà figbe ta: "Yéè! Ìyá Àwọn-Tó-Kù! Ojú wo ni mo fi ń wò yín láti ọjọ́ yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni ó tàn ká, láti ẹni dé ẹni, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ìbídùn wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì fún ìgbà pípẹ́.

"O ti dá a padà," ni ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti sùn nínú ìtìjú tí kì í ṣe tèmi, mo sì ti jí nínú rẹ̀. N kò ní parọ́ fún ọ pé kò dùn mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má parọ́ rárá."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi mí bóyá Ọdẹ́bùnmi tún lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ náà. Kò tíì lọ. Ọ̀dọ̀ Ìbídùn ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń po omi iyọ̀. Ó ní ọjọ́ tí Àlàmú bá gba omi mu lọ́wọ́ òun ni òun yóò tó tún dé ẹnu ibodè yẹn, àti pé bí wọ́n bá bi òun pé ta ni òun, òun yóò sọ pé òun ni ẹni tí ó sá, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ mọ bí a ti ń dúró. Àlàmú ń kí i bí wọ́n bá pàdé, òun náà ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n omi, kò tíì gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń palẹ̀mọ́ àjò sí ilé ìwé ọ̀nà jíjìn, ẹ lọ, mo súre fún yín. Àwọn tí ẹ ó bá lẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ yín rí, ohun tí ẹ bá sì sọ ni wọn yóò gbà. Ẹ sọ tiyín fún wọn, ì báà kéré, ì báà burú. Ẹ fi ìtàn ará ilé yín sílẹ̀ fún un nílé, nítorí òun ni ó kù tí yóò máa gbé inú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ tán.