Kóòtù Pupa Baba Ńlá

Lọ́jọ́ tí Láníhùn di ọ̀gá ṣójà, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun wálé, bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ mànà. Ó bá kóòtù pupa gbígbó kan tí ìyá rẹ̀ àgbà sá sóòrùn.

"Ìyá Àgbà, àkísà kí lèyí? Ẹ jẹ́ n jù ú síná."

"Gbé e sílẹ̀, ìwọ tí aṣọ rẹ ṣì ń rùn sítáàṣì! Baba ńlá rẹ ló wọ̀ ọ́ léwájú ogun tí ọ̀tá ò fi rí ìlú yìí kó lẹ́rú. Ti ìka bọ ihò tó wà láyà rẹ̀."

Ìka Láníhùn wọlé níwájú, ó yọ lẹ́yìn.

"Ọta gba ibẹ̀ kọjá, síbẹ̀ kò pẹ̀yìn dà. Kò sí ìyàwó ilé yìí tó jẹ́ lẹ ihò náà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Láníhùn ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú kóòtù náà, tòun ti sítáàṣì.